Ìwé Kékeré Tí Mo Fi Sọ Ara Mi Di Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé Àjàṣẹ́, n kò sì mọ̀ ju ẹnu géètì kan lọ níbẹ̀.

Victorine ni orúkọ mi. Idigny ni mo ń gbé, lórí ilẹ̀ Kétu, níbi tí àwa obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí a ń rin ín, tí a ń yan gààrí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú mi lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ìyáàfin kan ní Àjàṣẹ́. Ìyáàfin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn ń bẹ̀rù kí ọmọ ọlọ́mọ má sọnù mọ́ òun lọ́wọ́ ni.

Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, inú mọ́tò ni. Bí a bá ń bọ̀, inú mọ́tò ni. Mo mọ ajá ilé yẹn, mo mọ igi máńgòrò rẹ̀, mo mọ bí géètì ṣe máa ń ké bí wọ́n bá ń ṣí i. Ìlú nìkan ni n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé Idigny, ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn ajá?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọmọ Àjàṣẹ́. "Ní Àjàṣẹ́, a kì í wé gèlè báyìí." "Ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ sọ́jà ní Àjàṣẹ́, ẹ ò lè gbà á láìmọ ènìyàn." Irọ́ kékeré dà bí iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń se ọbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú sí i, kì í mọ ìgbà tó pọ̀ jù. Èmi fi ogún ọdún bù ú.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà kan wọlé sí ẹgbẹ́ àwa onígààrí. Ilé iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa yan gààrí fún ilé ìjẹun àwọn ọmọ iléèwé, odidi ọdún kan. Kí a gbé gààrí wa wá fún ìtọ́wò ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. "Ọ́fíìsì wa kọjú sí ilé alájà àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé." Bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Prudence, olórí ẹgbẹ́ wa, tẹ́tí títí tí mo fi ka lẹ́tà náà tán. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ta ló mọ Àjàṣẹ́ dáadáa láàárín yín?" ni ó bi wá.

Gbogbo ojú yí sí Rachidatou.

Ọ̀rẹ́ mi ni Rachidatou. Àárín ọjà Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, ìdí ọjà bàbá rẹ̀ ló ti dàgbà kó tó fẹ́ ọkọ wá sí Idigny. Ó mọ ìlú yẹn bí ìyá ṣe mọ ojú ọmọ rẹ̀, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń ṣe fáàrí Àjàṣẹ́ mi, yóò kàn máa wò mí, yóò sì máa bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ṣáájú ni yóò bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣáájú ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwé. Mo wò ó pé tí mo bá dákẹ́ lónìí, àwọn ènìyàn yóò béèrè pé ibo ni ọmọ Àjàṣẹ́ tó ti ń pariwo látogún ọdún wà.

Mo dìde. "Ìyá, èmi náà wà ńbẹ̀ o."

"Ẹ̀yin méjì nìyẹn," ni Ìyá Prudence wí. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó mọ́jú."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá, mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́ o."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti fẹ́ ba ẹnìkan jẹ́.

"Sọ ọ́," ni ó wí.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n Rachidatou ń ta gààrí ní ọjà Àjàṣẹ́. Tí ẹ bá ní kó ṣáájú wa, ìsọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ kó wa lọ. Wọn ó ti fi ẹ̀dínwó gba gààrí wa tán kí a tó dé ibi tí à ń lọ."

Ìyá Prudence ní, "Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ máa ṣáájú. N ó ní kí Rachidatou má dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà."

Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. N kò tíì dé ilé tí ìdùnnú yẹn fi di àyà jíjá. Victorine, báwo lo ṣe máa ṣe é?

Ibẹ̀ ni ìwé náà ti wọ ọ̀rọ̀.

Géraud, àbúrò mi, ń bá àwọn tó ń ya àwòrán ilé ṣiṣẹ́ ní Kútọnù. Nígbà tó wá kí wa, ó gbàgbé ìwé kan sórí tábìlì mi. Ìwé náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń wọ inú àpò wẹ́rẹ́. Èèpo rẹ̀ le, ó ń dán, ó pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ọgọ́ta ibi tó lẹ́wà ní Àjàṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀: ilé àtijọ́, ilẹ̀kùn, àga, ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn ìwé, àwòrán ìlú wà tí wọ́n ká bí ìgbà tí a bá ká ẹní.

Mo pè é lórí fóònù. "Géraud, ìwé pupa rẹ yìí, ṣé òótọ́ ló wà nínú rẹ̀?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó bá fẹ́ràn kí ojú wọn rí ohun tó dára ni wọ́n ṣe é fún. Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo kàn ń wò ó ni."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wò ó. Bí mo bá ń yan gààrí, ìwé wà lórí itan mi. Gààrí ń jóná, mo ń ka nọ́ńbà. Nígbà tí mo dé nọ́ńbà kejìlélógójì, mo fò sókè: ilé alájà àtijọ́, fèrèsé mẹ́fà lókè, òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sórí ilẹ̀kùn, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé!

Ilé inú lẹ́tà nìyẹn. Mo fẹnu ko ìwé náà lẹ́nu.

Àwa mẹ́fà la lọ. A gun alùpùpù láti Idigny dé Kétu, a wọkọ̀ níbẹ̀, a gba Pobẹ̀ àti Ṣakétẹ́ kọjá. Aago méje ààbọ̀ là ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáráàjì Àjàṣẹ́ pẹ̀lú báàfù gààrí mẹ́ta. Mo ti di ìwé mi mọ́nú ìró.

Sylvie, ẹni tó kéré jù láàárín wa, tó sì lẹ́nu jù, rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ̀gbọ́n Victorine, ẹ̀yin lẹ nìlú. Ṣé ká gun zẹ́mí?"

"Ta ló ń gun zẹ́mí lọ sílé ara rẹ̀? Ibẹ̀ ò jìnnà."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ ibi tí n ó ní kí ọlọ́kadà zẹ́mí gbé wa lọ. Àwòrán ìlú inú ìwé náà rẹwà, ó rí tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ ọ̀nà sí i. Bóyá wọ́n rò pé lẹ́tà yóò bà á jẹ́.

"Ká wò ó nínú fóònù mi nígbà náà," ni Sylvie tún wí. Ó wò ó. "Háà, mégà tí mo fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ti tán."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi.

A rìn dé oríta kan. Ọ̀nà pín sí mẹ́ta. "Ẹ dúró dè mí," ni mo wí, "mo fẹ́ yà sí ẹ̀yìn ògiri yẹn." Mo sáré wo ìwé, mo jáde, mo na ọwọ́ sí apá òsì bí ọ̀gá. Ní oríta kejì, mo tún yà sí ẹ̀yìn ògiri. Ní ìkẹta, Ìyá Prudence fi ojú àánú wò mí.

"Kí lo jẹ lánàá, Victorine?"

"Ẹ̀wà ni, Ìyá."

Rachidatou tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí a ti sọ̀ sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Victorine, ọ̀nà yìí ń sọ̀ sí etí ọ̀sà ni. Kò sí ọ́fíìsì lápá ibẹ̀."

"Ìgbà tí o kúrò ńbẹ̀ kọ́ la wà yìí," ni mo dá a lóhùn, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Wọ́n ti yí ọ̀nà padà."

Ó di báàfù orí rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀lé wa lọ.

Lẹ́yìn náà Ìyá Prudence ní òun fẹ́ tọ̀, òun sì fẹ́ sinmi. Mo rántí pé nọ́ńbà kẹtàdínlógún wà nítòsí, kàfé kan, ilé kọfí tí ìwé náà yìn gidigidi. "Ẹ wá síbí," ni mo wí, "ibí ni mo ti máa ń sinmi tẹ́lẹ̀." Irọ́ lórí irọ́.

A wọlé. Agolo epo ni wọ́n fi ṣe àga wọn, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Kò sí ọ̀kan tó ní ẹ̀yìn. Ìyá Prudence jókòó, ó fẹ̀yìn tì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Àga wo nìyí?" ni ó pariwo. "Ṣé ẹni tó ṣe é ò tíì rí arúgbó rí ni?"

Ó bá dìde, ó ní kí wọ́n fi ilé ìtọ̀ han òun. Ọmọ kàfé náà fi ọwọ́ han ògiri funfun kan. A wò, ògiri lásán ni. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí ìdìmú.

"Ẹ tì í, ìyá," ni ọmọ náà wí.

"Kí n ti kí ni?"

"Ògiri yẹn."

Ìyá Prudence ń fọwọ́ pa ògiri kiri, sókè, sísàlẹ̀, bí afọ́jú tó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Sylvie ti dojú dé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ògiri náà yà lójijì, ìyá wa fi orí wọlé. Bó ṣe jáde, ó ní, "Ọlọ́run, ìlú tí wọ́n ti ń fi ilé ìtọ̀ pamọ́!"

A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo wo aago tó wà lára ògiri. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú.

Mo mú wọn yára dé ibi nọ́ńbà kejìlélógójì. Bí mo ṣe wo àwòrán ìlú náà, ibẹ̀ gan-an la dúró sí. Ilé alájà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Pupa rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ bí inú ẹyin adìyẹ ni. Kò sí ilé aláwọ̀ ewé kankan.

"Iwájú díẹ̀ ni," ni mo wí.

A yí àdúgbò náà ká. A padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. "Rárá, apá ọ̀hún ni." A tún yí i ká. Báàfù ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aláwọ̀ ẹyin náà kí wa nígbà kẹta.

"Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ̀ ń ka ilé fún ìjọba ni?"

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan lù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

Ojú mi ṣú. "Ẹ dúró," ni mo wí, mo tún sáré lọ sí ẹ̀yìn ògiri.

N kò mọ̀ pé Ìyá Prudence ti ní ewé gúáfà gbígbẹ nínú àpò rẹ̀, tó fi ń wo inú rírun. Ìyá rere ni. Ó ti bu omi sí ife, ó ti fọ́ ewé sí i, ó sì tẹ̀lé mi pé kí n mu ún kí n tó kú sí ẹ̀yìn ògiri onílé.

Ohun tó bá níbẹ̀ ni Victorine tó dúró ṣánṣán, ìró rẹ̀ wà lára rẹ̀ pátápátá, ìwé pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán ìlú ṣí sílẹ̀ dé orúnkún, ó ń yí i sókè sódò.

Ife ewé náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Victorine," ni ó wí, "ìgbẹ́ ni mo rò pé ò ń yà. Àṣé ìwé lò ń kà!"

Kí n tó lanu, gbogbo wọn ti dé. Sylvie já ìwé náà gbà. Ó wo ojú ewé tó ṣí, ó wo ilé aláwọ̀ ẹyin náà, ó tún wo ìwé.

"Fèrèsé mẹ́fà lókè. Ẹ kà á: mẹ́fà! Òdòdó orí ilẹ̀kùn, òun nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí náà ni!"

"Ti inú ìwé jẹ́ àwọ̀ ewé," ni mo wí bí òmùgọ̀.

Sylvie ṣí ojú ewé mìíràn. "Ọ̀sà aláwọ̀ ewé. Àga aláwọ̀ ewé. Ọkùnrin aláwọ̀ ewé nìyí, ó ń mu kọfí! Ẹ̀gbọ́n mi, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ gbogbo àwòrán inú ìwé yìí!"

Ẹ̀rín bú. Ìyá oníbúrẹ́dì náà rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú Ìyá Prudence.

"Ogún ọdún lo fi ń sọ Àjàṣẹ́ fún wa," ni ó wí.

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Mi ò mọ ibẹ̀. Mi ò mọ ibẹ̀ rí."

"Tí o ò bá mọ ibẹ̀, kí ló dé tí o fi wá sílé mi láàárọ̀ kùtù, tí o ní Rachidatou máa fi gààrí wa ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láǹfààní?"

Ẹ̀rín dá. Bí ẹni gé e.

Rachidatou rọra sọ báàfù orí rẹ̀ kalẹ̀. "Victorine ló sọ bẹ́ẹ̀?"

N kò lè gbé ojú sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, àti sálúbàtà rẹ̀ tí eruku ọ̀nà Idigny ṣì wà lára rẹ̀.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fi gààrí títà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá," ni ó wí. "Aṣọ ni wọ́n ń tà."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó gbé báàfù rẹ̀ padà sórí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé aláwọ̀ ewé, mo mọ̀ ọ́n. Apá òkè ìlú ni, a ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn láti ọ̀nà gáráàjì."

Ó na ọwọ́, ó bá àwọn oní-zẹ́mí sọ̀rọ̀ ní èdè Ègùn, mẹ́fà dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó ìdá mẹ́rin wákàtí tí a fi débẹ̀. Ilé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣí, ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi irú rẹ̀ sínú ìwé ẹwà.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Clément, tí àkọsílẹ̀ orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi orí.

"Àwọn ti Idigny? A ti pè yín lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá Prudence ti Rachidatou síwájú. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn kí ọkùnrin náà dáadáa, ó sì ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. A ṣìnà ni. Ẹ̀bi gbogbo wa ni."

Ẹ̀bi gbogbo wa! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju èébú lọ. Bó bá tọ́ka sí mi, ara ìbá tù mí.

"Ẹ jókòó," ni Clément wí. "Bí àyè bá ṣẹ́ kù, a ó pè yín."

A jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Àwa la kẹ́yìn pátápátá. Ó ti rẹ ọkùnrin tó ń tọ́ gààrí wò, ó ti jẹ gààrí ìlú mẹ́rìnlá. Ó bu omi tútù sí tiwa, ó fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò. Ó tún bu èkejì. Nígbà tó bu ẹ̀kẹta, Sylvie fi ìgúnpá gún mi.

"Kò ní iyanrìn," ni ọkùnrin náà wí, "ó sì yan dáadáa. Ó ṣe jẹ́ pé ìsinsìnyí lẹ dé? A ti fi ọdún náà fún àwọn mìíràn. Sáà kan ló kù tí mo lè fún yín."

Sáà kan dípò ọdún kan. A gbà á, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ṣòfò.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Kétu ni wọ́n ti dá ìwé náà lẹ́jọ́. Sylvie gbé e sókè. "Ẹ̀yin ìyá, ìwé yìí wúlò àbí kò wúlò?"

"Níbo ló ti sọ ibi tí ènìyàn lè tọ̀ sí?" ni Ìyá Prudence béèrè.

Sylvie ṣí i wò. "Kò sọ."

"Ibi tí wọ́n ti ń jẹun àjẹyó ńkọ́?" ni obìnrin kan nínú wa tó wá láti Odomèta bi í.

"Ó sọ ibi tí àwo tó lẹ́wà wà."

"Ibi tí wọ́n ti ń kírun?" ni òmíràn béèrè.

"Ó ya àwòrán mọ́ṣáláṣí kan. Kò sọ ọ̀nà tí a ó gbà wọlé."

"Àga mi yẹn ńkọ́? Ó sọ pé kò ní ẹ̀yìn?"

"Ó sọ orúkọ ẹni tó ṣe é, Ìyá."

"Ó dáa kó sọ ọ́, kí n lè mọ ẹni tí n ó ṣépè fún!"

Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé fún ẹ̀rín. Awakọ̀ pàápàá ń lu ìdarí ọkọ̀. Rachidatou nìkan ló kọjú sí fèrèsé.

Ìyá Prudence gba ìwé náà, ó fi sí itan. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó ń ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ilẹ̀kùn kan tẹ̀lé òmíràn, ó fi ìka tọ ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára igi. Ó ní:

"Ẹni tó ṣe ìwé yìí lójú. Ó wo ilẹ̀kùn bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn wò ó. Kò purọ́ fún wa. Ẹwà ló ní òun mọ̀, kò ní òun mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹni tó ní kó jẹ́rìí ohun tí kò mọ̀ ló purọ́."

Kò wo ojú mi. Kò pọn dandan kó wò ó.

Ọjọ́ méjìlá ni Rachidatou fi ń kí mi lásán. "Ẹ káàárọ̀." "Ẹ kú iṣẹ́." Ọ̀rẹ́ mi ń fi "ẹ" kí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí! N kò lè fara dà á mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá, mo bá a níbi tó ti ń sá làfún.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun tí n kò sọ fún ọkọ mi rí ni mo sọ: géètì, mọ́tò, ajá, ọdún mẹ́ta tí mo fi ń gbọ́ ariwo ìlú láti ẹ̀yìn odi.

Ó fi làfún sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta, o ò jáde?"

"N kò jáde."

"Nígbà tí o máa ń sọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́, tí o ń dárúkọ àwọn ọ̀nà tí èmi ò gbọ́ rí, mo máa ń rò pé Àjàṣẹ́ mìíràn wà tí bàbá mi ò fi hàn mí."

Ẹ̀rín fẹ́ mú un. Ó gbé e mì.

"Irọ́ ti Àjàṣẹ́, ìyẹn ò dùn mí," ni ó wí. "Èyí tí o pa mọ́ mi ló dùn mí. Ìwọ tí a jọ ń yan gààrí nídìí iná kan náà."

"Mo mọ̀. Dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Àmọ́ kò ní tán nínú mi lónìí, Victorine. Mi ò fẹ́ tàn ẹ́." Ó sún fún mi lórí tapolíìnì tó sá làfún sí. "Jókòó, bá mi yí apá ọ̀hún. Ìrì ti kọlù ú láàárọ̀."

Mo jókòó. A yí làfún títí oòrùn fi rọlẹ̀, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti padà ń pè mí ní "ìwọ".

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ní kí orúkọ Rachidatou rọ́pò tèmi lórí ìwé. Wọ́n gbà. Òun ló ń ṣáájú wa báyìí, èmi ló ń gbé báàfù tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ náà fún wa ní sáà kejì, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó kà wá mọ́ àwọn tí wọ́n máa pè lọ́dọọdún.

Bí a bá gbé gààrí lọ tán, Rachidatou máa ń mú mi rìn díẹ̀ nínú ìlú. Kò mọ ìwé Faransé kà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n máa ka ohun tí ìwé pupa náà sọ nípa àwọn ilé tó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti kékeré. Bí mo bá kà á tán, òun náà yóò sọ tirẹ̀, èmi yóò sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé: "Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ àkàsà níbí, ó mọ́." "Ẹ lè bẹ omi mu lọ́wọ́ wọn." Nígbà tí Géraud rí i, ó ní kí n má dá a padà fún òun mọ́, pé ó ti di ìwé tó wúlò.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mi ò ní wàásù fún yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: bí ẹ ò bá mọ ọ̀nà, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ẹ má sì ba ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ́ nítorí kí ẹ lè ríbi dúró.

Rachidatou ti dárí jì mí, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ọmọ-ọmọ mi jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ìjìyà kan tí òun fi lélẹ̀ fún mi tí kò ní ọjọ́ tí yóò parí. Bí mo bá ti ń ròyìn nǹkan fún ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ iye ẹ̀gẹ́ tó wà lóko, ì báà jẹ́ ìjà tí wọ́n jà lọ́jà Kétu, yóò gbé ojú sókè láti ibi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, yóò ní:

"Victorine, ṣé o rí i ni, àbí o kà á?"

Gbogbo wọn á wá bú sẹ́rìn-ín, títí kan Ìyá Prudence. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì fèsì bí ọmọ iléèwé:

"Mo rí i, Rachidatou. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì."